Èló ni owó tó tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì tó bá Ìjàpá bàbá mi wá láti ilé iṣẹ́?

Ọmọ Onífọ́sìwágìn, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó yọ owó lápò.

Bàbá mi ra Fọ́sìwágìn Ìjàpá kan ní tuntun ní ọdún 1972, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 1300 ni, òun sì ni wọ́n ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà ti di tèmi báyìí. Ara rẹ̀ dá, ìpẹtà kò jẹ ilẹ̀ rẹ̀, mo sì ti tún ìjókòó àti wáyà rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ lónìí kọ́ ló bá a wá. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ gbóná kọjá ààlà, ó sì kọṣẹ́. Mẹkáníìkì tó ń bá bàbá mi ṣe ọkọ̀ nígbà náà bá wọn fi òmíràn sí i, ó sì gbé ti àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mẹkáníìkì náà ti di olóògbé. Ọmọ rẹ̀ tó jogún ṣọ́ọ̀bù ló rí ẹ́ńjìnnì yìí níbi tí ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó rántí ọkọ̀ wa, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

Mo lọ wò ó. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí ó wà, lára bílọ́ọ̀kì nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò ń jókòó lé. AB ni lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì bá ti inú ìwé ọkọ̀ bàbá mi mu láìyẹ ẹyọ kan. Ẹ́ńjìnnì náà kò yí rárá. Kábúrétọ̀ àti dáínámò kò sí lára rẹ̀ mọ́, eruku àti ọ́ìlì gbígbẹ sì ti bò ó.

Ohun tí arákùnrin yìí ń béèrè jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta irú ẹ́ńjìnnì kan náà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjà Àràrómi ní Agodi Gate. Ó ní kò sí èkejì rẹ̀ láyé, bẹ́ẹ̀ òótọ́ sì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wọ̀n ọ́n bí irin àlòkù kí n sì san owó irin, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò rà á. Èmi kò fẹ́ rẹ́ ọmọ olóògbé jẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì fẹ́ kí ó fi ìfẹ́ tí mo ní sí ọkọ̀ bàbá mi gba owó tí kò tọ́ lọ́wọ́ mi. Báwo ni a ṣe ń mọ iye tó tọ́ lórí irú nǹkan báyìí?

Mẹkáníìkì Fọ́sìwágìn, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú. Kí a tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà gan-an. Lára ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a lè yọ wọ́n kí a sì fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìn wọn. Orí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣeé pààrọ̀, kíránkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí, náà ṣeé pààrọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí nọ́ńbà náà wà ni bílọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n fi mágínísíọ̀mù, irin fífúyẹ́ kan, dà ní apá méjì, tí wọ́n sì gbẹ́ pọ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ kò lè mú apá kan lára ẹ́ńjìnnì yìí kí ẹ fi apá kejì láti ara òmíràn tì í. Bílọ́ọ̀kì ni ẹ ń rà. Kí ẹ́ńjìnnì má yí kò tíì burú, torí pé ó lè jẹ́ písítìn ni ìpẹtà gbá mọ́ sílíńdà, a ó sì kó gbogbo wọn dànù. Ṣùgbọ́n bí bílọ́ọ̀kì bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, nọ́ńbà lásán ni ẹ gbé wálé.

Nítorí náà, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ wo ẹ̀yìn sílíńdà kẹta, èyí tó wà lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláíwíìlì (irin róbótó wíwúwo tó wà ní ìdí kíránkì), nítorí ibẹ̀ ni bílọ́ọ̀kì Ìjàpá ti sábà máa ń sán, pàápàá ẹ́ńjìnnì tí ẹ sọ pé ó gbóná kọjá ààlà. Ẹ wo ìdí àwọn ọ̀pá gígùn tó di orí ẹ́ńjìnnì mú, bóyá òkankan nínú wọn ti fa ìhò rẹ̀ tu. Èyí ṣeé tún ṣe, àmọ́ owó ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Mágínísíọ̀mù kò fẹ́ ọ̀rinrin: bí òjò bá ti ń dé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun àti ihò wẹẹrẹ níbi tó ti ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, bí fúláíwíìlì bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ di púlì tí bẹ́líìtì fáànù ń gbà mú, kí ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fà á jáde. Àyè tó yẹ kí kíránkì ní láti rìn síwá sẹ́yìn jẹ́ 0.07 sí 0.13 mílímítà, bí ó bá ti kọjá 0.15, bẹ́árìn ti jẹ tàbí ibi tó jókòó sí nínú bílọ́ọ̀kì ti gbòòrò. Ojú kò rí àyè kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ lo géèjì bí ẹ bá rí yá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún kọ̀, kọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sí ohun tí géèjì tún fẹ́ sọ. Èyí tó kù ni kí ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́fà tó di ìdérí asẹ́ ọ́ìlì mú nísàlẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tó bá asẹ́ náà jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀rún tó ń dán bíi fàdákà, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì gbé e, bẹ́árìn ló ti ń jẹ nìyẹn.

Bí olówó ẹ́ńjìnnì kò bá gbà kí ẹ tú ìdérí yẹn, ẹ má san ju owó irin lọ. Bí ó bá gbà, tí bílọ́ọ̀kì sì yè, ẹ padà wá kí a jọ ṣírò.

Ará Birmingham

Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà lókè yìí wọlé. Èmi fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni èrú ti ń wọ òwò yìí.

MGB, ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ní níbí. Wọn kò tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sára bílọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀; ara àwo irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ bílọ́ọ̀kì ló wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irinṣẹ́ lè tú àwo náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì kan kí ó kàn án mọ́ òmíràn, nítorí náà ẹni tó bá ń san àfikún owó lórí àwo yẹn nìkan, àwo ló rà. Fọ́sìwágìn sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé inú mágínísíọ̀mù gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, síbẹ̀ ènìyàn ṣì lè fi fáìlì há nọ́ńbà àtijọ́ kí ó sì tẹ tuntun. Ẹ fi aṣọ tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nu ojú ibẹ̀, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá ti há a, ojú ibẹ̀ yóò rẹlẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, ipa fáìlì yóò sì hàn, tàbí kí àwọn nọ́ńbà máà dúró lórí ìlà kan náà. Lóòótọ́, kò dájú pé ọmọ mẹkáníìkì tó bá ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ẹrù ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ra ọkọ̀ lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè, ó sì yẹ kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọ̀ ọ́ tàbí kùn ún lọ́dà.

Ìwé bàbá yín ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti lè rò lọ. Níbí, bí mo bá fẹ́ mọ ẹ́ńjìnnì tó bá MGB mi jáde ní ilé iṣẹ́ wọn ní Abingdon, British Motor Museum ní Gaydon ni mo máa kọ̀wé sí, wọn yóò sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí a kọ nọ́ńbà náà sí láti inú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́. Àwọn tó ní Jaguar náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Jaguar Daimler Heritage Trust. Ní ti Fọ́sìwágìn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ wọn ní Wolfsburg máa ń fún ènìyàn ní ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ kọ̀wé gbà á, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ bàbá yín láti ọdún 1972 ló so ẹ́ńjìnnì yìí mọ́ ọkọ̀ yìí.

Ní ti owó, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n Porsche tàbí Jaguar wọn Ìjàpá. Lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, tí wọn kò ṣe púpọ̀, tí owó wọn sì ga, kí ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ bá ara wọn mu lè yí iye ọkọ̀ padà gidigidi. Ìjàpá yàtọ̀. Wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní Puebla ní Mẹ́síkò ní oṣù Keje ọdún 2003. Bóòtù mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ìpààrọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ ìtìjú fún ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń wá nọ́ńbà kiri jù ni àwọn tó ní èyí tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì, tí wọn kò ṣe mọ́ láti ọdún 1953, àti èyí tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹyin, tó tẹ̀ lé e títí di 1957. Ti 1972 yóò gbé iye ọkọ̀ sókè díẹ̀, kì í ṣe ìlọ́po.

Alágbàwí, Ìkẹjà

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ jìnnà, ta ló ni ẹ́ńjìnnì náà? Bí bàbá yín bá kàn gbé e kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí mẹkáníìkì bá wọn tọ́jú rẹ̀, ohun ìní bàbá yín ni, ohun tí ó sì yẹ kí ẹ san kò ju owó ìtọ́jú lọ. Bí bàbá yín bá sì fi sílẹ̀ fún mẹkáníìkì kí ó lè bá wọn dín owó ẹ́ńjìnnì kejì kù, ó ti di ti mẹkáníìkì láti ọjọ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nínú ẹbí kí ẹ tó dúnàádúrà, nítorí pé ọ̀nà méjèèjì kò ní ìṣirò kan náà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá olóògbé ní àwọn ọmọ mìíràn. Ẹni kan ṣoṣo kò lè dá ta ogún tí kò tíì pín.

Ọmọ Onífọ́sìwágìn, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá mi. Wọ́n ní bàbá mi àti olóògbé jọ fẹnu kò pé kí ó mú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà, kí ó sì yọ díẹ̀ kúrò nínú owó tuntun, nítorí pé owó oṣù àwọn olùkọ́ pẹ́ jáde lásìkò náà. Nítorí náà ti àwọn ọmọ olóògbé ni. Arákùnrin tó fẹ́ tà á ní àbúrò obìnrin kan, òun náà sì mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, ó ti bá mi sọ̀rọ̀.

A ti fọ bílọ́ọ̀kì náà. Kò sán níbikíbi tí a lè rí. Ọ̀pá méjì ti fa ìhò wọn tu lápá ọ̀tún. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ nítorí pé orí pákó ni olóògbé gbé e lé, kì í ṣe orí ilẹ̀, ọ̀rá sì wà lórí rẹ̀. Asẹ́ ọ́ìlì ní ẹ̀rún dídán díẹ̀ nínú. Arákùnrin náà kò dí mi lọ́wọ́ rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló mú sípánà wá.

Oníṣòwò Páàtì, Ládípọ̀

Mo ti ń ra páàtì, mo sì ti ń tà á pẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń ṣírò irú nǹkan báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí ẹnikẹ́ni, tí kì í ṣe ẹ̀yin, yóò san fún ẹ́ńjìnnì AB tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ iye tí yóò ná yín láti mú èyí tó wà nílẹ̀ dé ipò náà kúrò. Ohun tó kù ni iye rẹ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo iye tí bíbá tí nọ́ńbà bá ara mu yóò fi kún ọkọ̀ yín, kí ẹ sì pín in pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Mo fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye ọjà: ká ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ₦600,000, tí àtúnṣe sì jẹ́ ₦450,000, ₦150,000 ló kù. Ká ní ọkọ̀ yín yóò gbé ₦200,000 sí i nítorí nọ́ńbà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Ẹ san ₦250,000, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Ìlọ́po mẹ́ta tí arákùnrin yẹn dá kò bá ìṣirò kankan mu. Kò sí èkejì rẹ̀ láyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí yóò rà á pẹ̀lú àfikún náà bí kò ṣe ẹ̀yin. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kò tọ́, torí pé bílọ́ọ̀kì AB tó yè níye lórí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà AB yìí wà lára 1300 láti oṣù Kẹjọ ọdún 1970 sí oṣù Keje ọdún 1973, kí wọ́n tó yí i sí AR. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, AB ti kọjá lọ. Irú rẹ̀ kò kún ọjà.

Mẹkáníìkì Fọ́sìwágìn, Abẹ́òkúta

Ìṣirò ọ̀gá Ládípọ̀ dára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìdajì yẹn pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ títí ayé kò ní tà á, nítorí náà ₦200,000 tí wọ́n ní ọkọ̀ yóò gbé sókè kò ní dé ọwọ́ rẹ̀ láéláé. Ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkọ̀ náà, tirẹ̀ ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a pín in. Ohun tó yẹ kí wọ́n san kún iye ọjà ni ohun tí olóògbé ṣe: ó gbé ẹ́ńjìnnì lé orí pákó, ó fi ọ̀rá bò ó, kò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ láyè. Mágínísíọ̀mù tó mọ́ nísàlẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n sanwó fún, kí wọ́n sì sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìdí nìyẹn.

Ní ti àtúnṣe, ìhò méjì tó tu kì í ṣe ìṣòro. A ó gbẹ́ ẹ, a ó sì fi ojú ìhò tuntun tí wọ́n fi irin ṣe sí i. Ẹ̀rún dídán yẹn ló lè gba owó. Ẹ ní láti la bílọ́ọ̀kì náà sí méjì kí ẹ tó mọ̀ bóyá bẹ́árìn nìkan ló jẹ tàbí ibi tó jókòó sí, bí ó bá sì jẹ́ èkejì, ẹ ó gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ gbogbo ojú ibẹ̀ lórí ìlà kan. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn yín wà ní ọ̀nà méjì: iye kan bí ó bá jẹ́ bẹ́árìn, iye tó kéré sí i bí bílọ́ọ̀kì bá gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ.

Oníṣòwò Páàtì, Ládípọ̀

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá pè é ní owó ìtọ́jú tàbí ẹ pè é ní ìdajì, n kò rò pé iye tó máa jáde yóò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n àdéhùn ọ̀nà méjì yẹn ló sàn jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ.

Ọmọ Onífọ́sìwágìn, Ìbàdàn

A ti fẹnu kò. Mo fi ìṣirò náà hàn wọ́n lórí ìwé, iye ẹ́ńjìnnì ní Gate, iye àtúnṣe tí mo gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì, àti owó ìtọ́jú tí mo kọ lọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Àbúrò obìnrin ló kọ́kọ́ gbà. Arákùnrin náà ní kí n fi díẹ̀ kún owó ìtọ́jú, mo sì fi kún un. Àpapọ̀ owó náà dín sí iye ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Gate, ó sì ju ìlọ́po méjì iye tí wọ́n máa rí lórí irin lọ. Apá kan ni mo san báyìí, ìyókù yóò dúró títí a ó fi la bílọ́ọ̀kì lójú àwọn méjèèjì.

Alágbàwí, Ìkẹjà

Ẹ kọ rìsíìtì, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ní kíkún, ọjọ́, iye tí ẹ san àti iye tó kù, àti pé ogún bàbá wọn ni wọ́n tà. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kejì ló wà nínú ìwé ọkọ̀ yín báyìí, ẹ gbé rìsíìtì yìí pẹ̀lú ìwé ọdún 1972 lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yí i padà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sójú títì, kí ọlọ́pàá má baà dá yín dúró lórí nọ́ńbà tí kò bá ìwé mu. Ẹ má sì ta ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ títí ìyípadà ìwé yóò fi parí.